Àgùtàn Èèrà Lẹ́yìn Ilé Wa

Mọ́tò ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ọjọ́ tí mo fọ̀ ọ́ kò tíì pé méjì. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sùn díẹ̀, mo jáde síta, ara ẹ̀ tún ti ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́: bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì iwájú, títí dé ibi tí a ń dì mú ṣílẹ̀kùn. Mo ní àwọn ọmọ aládùúgbò wa ni, ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n dà sí i. Mo ti ń wá bàtà tí mo máa wọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn òbí wọn, torí èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sínú, nígbà tí ìyá mi jáde láti gáréèjì, ìró wọn ní àyà. Wọ́n fi ìka kan ra ara mọ́tò náà, wọ́n sì fi ìka ọ̀hún sẹ́nu.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. Wọ́n gbójú sókè wo igi tó na ẹ̀ka bo ibi tí mo gbé mọ́tò sí. "Má lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Àgùtàn èèrà ló tọ̀ sí i."

Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn kan níbí ní Newmarket, ní Kánádà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fi mí sí. Mo mọ bí àrùn ìgbàgbé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà á kàn ṣàdédé sọ nǹkan tí kò lórí tí kò nídìí, á sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. Mo ti ń ronú dókítà tí mo máa pè, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n fà mí lọ sábẹ́ igi.

Igi tí wọ́n ń pè ní spruce ni, ọmọ ìyá igi Kérésì, ewé ẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. A bá a níbẹ̀ nígbà tí a ra ilé náà ni, mi ò sì tíì fi ojú tó dáa wò ó rí. Àwọn èèrà dúdú ńláńlá tò lára ẹ̀. Àwọn kan ń gòkè, ikùn wọn pẹlẹbẹ. Àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, ikùn wọn yọ, ó ń dán. Ìyá mi fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. Àwọn kòkòrò kan ṣù jọ síbi tí ewé ti hù, dúdú tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, wọn ò tó hóró ìrẹsì, wọ́n ki ẹnu bọ èèpo igi, wọ́n ń fa oje ẹ̀. Èèrà kan dé ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, ó fi ìwo orí ẹ̀ méjèèjì rọra ń gbá a nídìí, gbá, gbá, gbá. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yọ jáde nídìí kòkòrò náà, ó mọ́ gaara. Èèrà mu ún, ó kọjá sọ́dọ̀ èkejì. Èyí tí èèrà ò bá rí mu ló ń já bọ́ sórí mọ́tò mi.

"Ó fún un ní wàrà," ni ìyá mi wí, ojú wọn sì ń dán bí ojú ọmọdé.

Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti mọ irú nǹkan báyìí. Wọ́n ní lóko kòkó ni, lẹ́yìn Oǹdó. Tánpẹ́pẹ́ ló máa ń da àgùtàn tibẹ̀, kòkòrò funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ èso kòkó. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Ìyá wọn ti kú nígbà tí ìyá mi ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n wọ́n, òun ló rọ wọ́n ní ẹ̀kọ, òun ló sì máa ń gbé wọn jókòó sábẹ́ igi kòkó tó bá ń ṣiṣẹ́, á ní kí wọ́n máa bá òun ṣọ́ àgùtàn èèrà kí wọ́n má bàa sunkún. Lọ́jọ́ mọ́tò yẹn gan-an, ìyá mi pè é lórí fóònù láti sọ fún un pé àgùtàn àwọn wà ní Kánádà náà. Àwọn arúgbó méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni rere. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ìyá mi rí ẹ̀gbọ́n náà sójú kó tó kú. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe físà. Èmi ni.

Ìgbà tí mo bí ọmọ kejì ni ìyá mi wá, nínú oṣù kẹwàá, láti wá bá mi wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà la jọ sọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí ní Vaughan, èmi ń ṣe shift oníwákàtí méjìlá. Ilé ìtọ́jú ọmọ mẹ́ta la ti kọ orúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn ní ká máa retí. À ń retí. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, mo bá ìyá mi béèrè lọ́wọ́ ìjọba fún àṣẹ oṣù mẹ́fà mìíràn. Ṣé mo bi wọ́n léèrè? Mi ò bi wọ́n. Mo sọ fún wọn ni. Mo ní, Mọ́mì, ẹ ṣì máa dúró tì wá díẹ̀ sí i, wọ́n ní kò burú.

Pásípọ́ọ̀tù wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní kó má bàa sọnù. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ bi ọmọ Yorùbá tí ìyá ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní gbogbo àyíká Toronto yìí ibi tí pásípọ́ọ̀tù ìyá wà, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ìtọ́jú là ń pè é.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Nílé tèmi, ọmọ òkété ti lọ́kọ, ó ti bímọ méjì, ó ra ilé, òun àti ọkọ àti ọmọ ṣì rọ̀ mọ́ ọmú òkété. Ìyá mi ló ń wẹ ọmọ, àwọn ló ń se ọbẹ̀ tí a ń kó sínú fíríìjì, àwọn ló ń ká aṣọ, títí kan aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi, bí mo tilẹ̀ ní kí wọ́n má ká a. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní fún ara wọn lóòjọ́, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n sì ti ń lò ó. Wọ́n á gbé àga oníke síbẹ̀, àbúrò á wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn á dúró tì wọ́n lórúnkún. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ náà á ròyìn fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì: èèrà ti bá kòkòrò pupa alámì tótòtó jà, torí ó fẹ́ jẹ àgùtàn, èèrà ti fi ẹnu gbé ọmọ àgùtàn kan lọ sórí ẹ̀ka mìíràn. Mo máa ń ní, "Ó dáa, lọ fọwọ́." Mi ò jókòó síbẹ̀ rí.

Mo tilẹ̀ ra oògùn apakòkòrò. Mo ti mì ín lọ́wọ́, mo fẹ́ fín in, ìyá mi wá dúró láàárín èmi àti igi. "Mo bẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí, "má fín wọn. Wọn ò pa igi náà lára." Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi fẹnu ara wọn bẹ̀ mí fún ní tààrà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé mi nìyẹn. Mo ráhùn, mo pòṣé, mo gbé oògùn padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò sí títì.

Láàárín àkókò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n wọn ṣubú ní balùwẹ̀ l'Óǹdó. Kò lè dìde dáadáa mọ́. Ìyá mi sọ fún mi pé ara ẹ̀gbọ́n àwọn ò yá. Èmi, nọ́ọ̀sì ńlá, mo béèrè irú oògùn tó ń lò, mo ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó máa lò ó, mo ní kí wọ́n máa yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn ẹ̀ má bàa dégbò. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi. Àárọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá wà nílé, mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á béèrè nǹkan, ìyá mi á fi ọ̀rọ̀ èèrà kan dá a lóhùn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oko àtijọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Sunday kan lóṣù keje, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọkọ mi kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì. Mò ń to aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìyá mi pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá wo nǹkan. Mo ní mò ń bọ̀. Wọ́n tún pè mí. Wọn kì í pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo bá jáde, fóònù lọ́wọ́, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ tú ká.

Wọ́n ti fa ẹ̀ka wálẹ̀. Láàárín àwọn àgùtàn náà, ọ̀kan ti hu ìyẹ́, ìyẹ́ tó mọ́ tó fi dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èèrà méjì dúró tì í. Ọ̀kan fi ẹnu di ìyẹ́ náà mú nídìí, ó ń fà á, ó ń gé e. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ìyẹ́ náà fi já, tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Kòkòrò náà ò jà. Èèrà sì fi ìwo gbá a nídìí, kòkòrò náà fún un ní wàrà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi ò wo igi mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Èèrà kì í ṣe ìkà o," ni wọ́n wí, wọ́n rọra ń sọ ọ́. "Òun ló ń ṣọ́ ọ, òun ni ò jẹ́ kí wọ́n pa á jẹ. Àmọ́ tó bá ti rí i tó hu ìyẹ́ báyìí, á gé e. Bóyá àgùtàn náà níbi tó ń lọ ni, ta ló mọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló jẹ́rìí mi, mo rẹ́rìn-ín. "Ibo ló fẹ́ lọ, Mọ́mì, tí oúnjẹ wà níbí?"

Wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀ka náà. Wọ́n ní òótọ́ ni.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni mo rántí ìròyìn tí mo ní fún wọn. Mo ti bá wọn béèrè fún oṣù mẹ́fà sí i, títí òtútù á fi lọ. Mo na fóònù sí wọn kí wọ́n rí i, bí ẹni pé ẹ̀bùn ni mo gbé wá. Wọ́n wò ó, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé bí mo ṣe ń ṣètọ́jú àwọn, àwọn ọmọ mi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ tọ́jú mi. Mo ṣe àmín, mo sì padà sídìí aṣọ mi.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Wọ́n sọ àbọ̀ fún mi, àbọ̀ náà kú sí mi létí. Mo ti wá rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà yẹn. Ìyá wo ló máa la ẹnu sọ fún ọmọ ẹ̀ obìnrin pé jẹ́ kí n máa lọ? Wọ́n á bi í nílé pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ọmọ lé e ni, àbí àna ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Àti pé ta ló máa mójú tó àwọn ọmọ? Ìyẹn náà, wọ́n rò ó fún mi. Bí àjèjì bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, màá ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ ohun tí arúgbó ò lè sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni fóònù dún láàárọ̀ kí ìyá mi tó pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló pè, ẹni tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Ó ti sùn?" wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olóògbé ti ní kí wọ́n má gbé òun lọ mọ́ṣúárì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. A gbé fóònù ti agolo mílíìkì ọmọ lórí tábìlì, a jókòó síwájú ẹ̀, à ń fi fídíò wo ìsìnkú náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n gbé pósí dé etí sàárè. Nígbà tó padà dé, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i. Ìyá mi bi mí bóyá wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò rí i.

Wọn ò sunkún lójú wa. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wẹ ọmọ. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé, wọn ò sọ ọ́, èmi náà ò dá a sọ. Nígbà tí oṣù mẹ́fà yẹn fẹ́ parí, mo tún béèrè fún òmíràn. Nínú oṣù kejì, ilé ìtọ́jú ọmọ kan pè wá pé àyè ti wà fún ọmọ kan. Mo di fóònù náà mú lọ́wọ́, inú bí mi sí obìnrin tó pè mí bí ẹni pé òun ló dá ìyá mi dúró títí ẹ̀gbọ́n wọn fi kú.

Ìyá mi ò dé abẹ́ igi mọ́ láti oṣù kẹjọ yẹn. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé òtútù ni. Lóṣù kọkànlá, èmi nìkan lọ síbẹ̀, mo fa ẹ̀ka wálẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Kò sí èèrà kankan, wọ́n ti wọlẹ̀ lọ. Ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ tò sórí àwọn abẹ́rẹ́ ewé náà. Mi ò mọ ẹni tí mo máa bi bóyá ẹyin àgùtàn ni.

Lóṣù kẹfà ọdún yìí, wọ́n tún dé. Ọmọ mi àgbà ló kọ́kọ́ rí wọn, ó sáré wọlé: "Grandma, your sheep are back!" Ìyá mi ní kí ó jẹ́ kí wọ́n máa jẹun. Wọn ò dìde. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, ó ń wò mí, nígbà tó yá ó padà síta lóun nìkan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn pè mí láti Oǹdó. Ọdún kan ìyá ẹ̀ ti ń bọ̀, wọ́n ti ń pín aṣọ olóògbé, ó fẹ́ mọ èyí tí òun máa fi pamọ́ fún ìyá mi. Ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Ó ní àràárọ̀ ni ìyá òun máa ń béèrè pé, ọjọ́ wo lò ń bọ̀? Ìyá mi á ní èèrà ò tíì tú àwọn sílẹ̀. Ìyá tiẹ̀ á ní, bẹ èèrà kó yá ẹ ní ìyẹ́ ọjọ́ kan péré. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú pàápàá, ó ṣì bi òun bóyá èèrà ti gbà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fọn imú. "Èèrà wo ni wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ, jàre?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Mo lọ síbi dúrọ́ọ̀, mo mú pásípọ́ọ̀tù náà. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ lórí táìlì níwájú wọn, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi, mo gbé e lé wọn lórí itan. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ látorí àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo kàn ń sọ pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n lọ sílé, ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n, mo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, mo máa fi ọ̀kan lára àwọn ọmọ sílé ìtọ́jú, mo máa dín iṣẹ́ kù. Omijé ò jẹ́ kí n ríran.

Wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ṣí ìwé náà, wọ́n wo fọ́tò ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ya àwọn ló ní kí àwọn má rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa á dé, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ká ìka mi lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ibo ni mo fẹ́ lọ, tí oúnjẹ wà níbí?"

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn wọn. Wọ́n fa ẹ̀wà mọ́ra, wọ́n ń ṣà á lọ. Mo dá pásípọ́ọ̀tù padà sábẹ́ káàdì àjẹsára àwọn ọmọ, mo bọ́jú, mo sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún wọn, torí shift mi máa bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́ta.